Orí Kẹfà: Lẹ́tà Tí Bùrọ́ṣì Bí

Bí ọkọ̀ bá gbéra l'Ékòó tó ń lọ sí Bìní tàbí Oníṣà, Ọ̀rẹ̀ ló sábà máa ń yà sí. Ìlú oríta ni. Ọ̀nà kan já sí Oǹdó lókè, òmíràn já sí Òkìtìpupa níhà omi, márosẹ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á wá oúnjẹ, wọ́n á wá ilé ìtọ̀. Kí oníbúkà tó pè wọ́n, lẹ́tà ti pè wọ́n. Lára táyà àlòkù tí fọkanáísà gbé ti igi, ọ̀dà funfun ló fi kọ iṣẹ́ rẹ̀ yí táyà náà po. Lára ògiri búkà, lẹ́tà pupa lórí yẹ́lò ń sọ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Lẹ́yìn agbégilódò tó kó gẹdú bọ̀ láti inú igbó Òdìgbó, àdúrà awakọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, òjìji búlúù sì wà lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo máa ń ka ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní 1988, Ọlátúndé Báyọ̀ Lawuyi gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn onítakisí Yorùbá ń kọ sára mọ́tò wọn. Ohun tí wọ́n kọ ló jẹ ẹ́ lógún. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló jẹ èmi lógún.

Ẹ wo àwọn lẹ́tà náà dáadáa. Ìlà wọn ki níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tín-ín-rín níbi tó parí sí. Wọ́n fì díẹ̀ sápá ọ̀tún bí ẹni tó ń kánjú. Kò sí a méjì tó bára wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀wé, ti ń wá ọ̀nà láti jí ìrísí yìí gbé. Òun ni wọ́n fi ń kọ orúkọ fíìmù, orúkọ ilé oúnjẹ, ìwé ìkésíni ìgbéyàwó àti bánà ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá lo irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ fẹ́ kó dà bíi pé èèyàn ló fọwọ́ kọ ọ́ ní wéré, láìsọ ara di líle. Bí ẹ bá fi kọ odindi ojú ìwé, ojú á máa ta òǹkàwé. Àkọlé ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ní gàdàgbà.

Ohun tí irun ń ṣe

Bùrọ́ṣì kì í ṣe gègé. Irun ni, àìmọye irun tí wọ́n dì mọ́ orí igi. Àlàfo tóóró tó wà láàárín irun kan sí èkejì ló ń fa ọ̀dà mọ́ra, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè láìsí ẹni tó ń pọn ọ́n. Ọ̀dà náà á dúró síbẹ̀ títí irun á fi kan pákó. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, irun á là, ìlà á ki. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, irun á padà sára wọn, ìlà á tín-ín-rín. Nítorí náà, ibi tó ki àti ibi tó tín-ín-rín lára lẹ́tà bùrọ́ṣì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí ẹnì kan fi kún un. Ìwúwo ọwọ́ ló kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ bá sì ti rí fínrínfínrín gbígbẹ ní ìparí ìlà, ọ̀dà ló ń tán lọ nínú irun nígbà tí ọwọ́ ṣì ń sáré.

Ẹ jẹ́ ká dúró lẹ́yìn àátíìsì kan tó ń kọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àátíìsì ni a ń pè wọ́n, ì báà jẹ́ àwòrán ni wọ́n ń yà, ì báà jẹ́ nọ́ńbà ilé ni wọ́n ń kọ. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì, ọ̀kan fún orí lẹ́tà, ọ̀kan fún ìdí rẹ̀. Ó ti po ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì mọ́ tínà. Bí tínà bá pọ̀ jù, ọ̀dà á ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Bí kò bá tó, irun á máa họ pákó gbàràgbàrà. Ó nu bùrọ́ṣì létí agolo lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀pá tí ó fi àkísà wé lórí, ó fi ti ara ọkọ̀, ó wá gbé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lé e kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó fa ìlà kúkúrú sọ́tùn-ún, ó yí i gòkè, ó rọ̀ ọ́ wá sósì, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó sì tú ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ìdí lẹ́tà ti fẹ́ kọjá sápá ọ̀tún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bùrọ́ṣì kò kúrò lára pákó. Ó wá fi ṣóńṣó irun náà tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tọ́. Àmì abẹ́ nìyẹn. Kò fi rúlà wọn ibi tó máa wà. Ojú rẹ̀ ti rí ibi tí àyè ṣẹ́ kù sí.

Àwọn akọpátákó ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń pe irú lẹ́tà tí wọ́n fà lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò padà sórí rẹ̀ láti tún un ṣe, ní casual, ìyẹn lẹ́tà tó tújú ká. Orúkọ náà ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ rẹ̀ á sọ fún yín pé lẹ́tà olójú líle tí wọ́n fi rúlà fà rọrùn jù ú lọ, nítorí pé a lè pa àṣìṣe rẹ̀ rẹ́. Ti bùrọ́ṣì kò ní àtúnṣe. Bí ọwọ́ bá ti gbọ̀n, ó ti gbọ̀n nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀dà náà, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun inú ilé, omi ara rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ kó tó gbẹ. Gúlọ́ọ̀sì yàtọ̀. Lẹ́yìn tí tínà inú rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, ó ṣì ní láti gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, kí epo inú rẹ̀ lè so pọ̀ di awọ líle. Ìyẹn ló fi ń pẹ́ kó tó gbẹ, tí eruku ọ̀nà àti ìyẹ̀fun pákó láti ẹnu ẹ̀rọ ìlagi fi máa ń rí i lẹ̀ mọ́. Òun náà ló sì fi ń dúró nínú òjò ọdún mẹ́ta láìṣí.

Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ ọwọ́ yìí ju bí a ṣe ń ṣe lọ. Lẹ́tà gàdàgbà tí ọ̀pọ̀ ayé fi ń kọ̀wé lónìí, tí ìrísí rẹ̀ wà lára òpó Trajan tí àwọn ará Róòmù gbé dúró ní ọdún 113, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé irin ìgbẹ́kùúta àti òòlù ló fún un ní ẹsẹ̀ pélébé tó ní. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní Amẹ́ríkà, Edward Catich, sọ pé rárá. Catich ti ṣiṣẹ́ akọpátákó rí ní Chicago kó tó di àlùfáà. Nínú ìwé rẹ̀, The Origin of the Serif, tó jáde ní 1968, ó ṣàlàyé pé bùrọ́ṣì olórí pẹlẹbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ lẹ́tà náà sára òkúta, kí agbẹ́kùúta tó tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò rí, ẹni tó ti di bùrọ́ṣì mú rí i.

Láti orí òjé dé ara mọ́tò

Nígbà tí òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe máa gbé ohun tó ń ṣàn bí omi sórí búlọ́ọ̀kù? Robert E. Smith gbìyànjú rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ American Type Founders, wọ́n sì gbé Brush Script jáde ní 1942. Ní 1951, Dom Casual ti Peter Dombrezian dé, òun ló sún mọ́ ọwọ́ akọpátákó jù: lẹ́tà rẹ̀ kò so pọ̀, ó kàn ń jó díẹ̀ níbi tó dúró sí. Lẹ́yìn ọdún méjì, Roger Excoffon ní ilẹ̀ Faransé ṣe èyí tí mo gbà pé ó ju gbogbo wọn lọ, Mistral, fún ilé ìrọlẹ́tà Olive ní Marseille. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó mú, ó sì ṣètò ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti ń jáde kúrò nínú lẹ́tà àti ibi tó ti ń wọ òmíràn, débi pé lẹ́tà yòówù kẹ́ ẹ tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á dì mọ́wọ́ ara wọn. Òjé ni o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ibi tí a kò rò ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ni. Ní 1959, Paul de Casteljau, onímọ̀ ìṣirò ní Citroën, ń wá bí òun ṣe lè fi nọ́ńbà sọ bí ara mọ́tò ṣe tẹ̀, kí ẹ̀rọ lè gé e láìsí àròsọ. Citroën fi ohun tó rí pa mọ́ bí àṣírí. Ní àwọn ọdún 1960, Pierre Bézier ní Renault gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibì kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún aráyé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ìlà náà ń jẹ́ títí dòní. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ẹ ro wáyà tín-ín-rín kan tó lè tẹ̀. Ẹ kan orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ pákó. Ẹ wá ro pé ènìyàn méjì dúró lókèèrè, wọ́n ń fa wáyà náà sọ́dọ̀ ara wọn láìjẹ́ kó kàn wọ́n. Ibi tí wọ́n dúró sí ló máa pinnu bó ṣe máa tẹ̀. Ojú àmì mẹ́rin péré, ẹ ti kọ odindi ìlà kọrọdọ sílẹ̀, ẹ sì lè sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré bó ṣe wù yín láìbà á jẹ́. Adobe gbé e sínú PostScript ní 1984. Apple lo ẹ̀yà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ nínú TrueType ní 1991. Láti ìgbà náà, etí lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, tí yóò wá kun inú rẹ̀. Ìlà tí wọ́n ṣẹ̀dá fún ara mọ́tò ló ń gbé lẹ́tà báyìí, lẹ́tà náà ló sì tún padà ń bọ̀ lára mọ́tò l'Ọ́rẹ̀.

Ìṣòro ti bùrọ́ṣì ni pé etí rẹ̀ kò dán. Lẹ́tà o tó mọ́ lè ní ojú àmì díẹ̀ péré yí etí rẹ̀ ká. Lẹ́tà o tí irun bùrọ́ṣì ti họ lè ní ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí ìwé, ó rẹwà. Lórí ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, ìyà ni, torí pé abẹ ẹ̀rọ náà máa tọ gbogbo etí wọ̀nyẹn, àwọn ègé wẹ́wẹ́ á sì máa ṣí kúrò lára mọ́tò ní kété tí oòrùn bá mú.

Ìṣòro kejì hàn nínú èdè tiwa ju nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ kọ oore ní fọ́ǹtì bùrọ́ṣì tí kò gbówó lórí. O méjì dúró tira wọn, fínrínfínrín ti àkọ́kọ́ rí gẹ́lẹ́ bíi ti èkejì, irun kan náà, ìfà kan náà. Àṣírí tú nìyẹn. Kò sọ́wọ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá sì kún fún fáwẹ̀lì onílọ̀ọ́po: oore, àánú, ọ̀ọ́dúnrún, dáadáa. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ya o méjì tàbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú fọ́ǹtì, wọ́n á sì kọ òfin sínú rẹ̀ pé bí o bá tẹ̀ lé o, kí kọ̀ǹpútà fi èkejì rọ́pò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ fọ́ǹtì tó wá látọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ojú tó ń sáré

Ní 1862, Herman Snellen, oníṣègùn ojú ní ilẹ̀ Netherlands, ṣe àtẹ lẹ́tà tí ẹ máa ń rí lára ògiri ilé ìwòsàn ojú. Ìṣirò rẹ̀ ni pé ojú tó dá ṣáṣá lè ka lẹ́tà tó ga tó nǹkan bíi mìlímítà 9 láti mítà 6. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí márosẹ̀. Pátákó oníbúkà kan ní lẹ́tà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ojú tó dá ṣáṣá á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i kà láti nǹkan bí mítà 200. Bọ́ọ̀sì tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá méje, bọ́ọ̀sì ti kọjá. Èyí sì jẹ́ fún lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, lọ́sàn-án, láìsí kùrukùru. Lẹ́tà bùrọ́ṣì tó fì, tó so pọ̀, tí ihò inú e rẹ̀ ti fẹ́ dí, kò lè rí ìṣẹ́jú àáyá méje yẹn gbà.

Àmì abẹ́ ńkọ́? Nínú lẹ́tà Snellen, ìlà tó di lẹ́tà mú jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gíga rẹ̀. Bí àmì abẹ́ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó di dandan kí ojú sún mọ́ ọn ní ìlọ́po méjì kó tó lè yà á sọ́tọ̀ dáadáa. Mítà 200 ti di 100. Awakọ̀ kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin láti mọ̀ bóyá o ni tàbí ọ. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí tán ni mo wá mọ ìdí tí àmì abẹ́ ara agbégilódò fi máa ń tóbi gọ̀ǹgbọ̀, tó fẹ́ẹ̀ tó lẹ́tà fúnra rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé àìmọ̀wọ̀n ni.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Émile Javal, oníṣègùn ojú ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ̀, ní àwọn ọdún 1870, pé ojú kì í rìn lórí ìlà ìwé bí ẹni ń yọ́ rìn. Fífò ló ń fò, á dúró, á tún fò. Òun náà sọ pé orí lẹ́tà ni ojú ń wò ju ìdí rẹ̀ lọ. Edmund Huey tún sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwé kíkà ní 1908: bo ìdajì ìsàlẹ̀ ìlà kan, wàá ṣì lè kà á, bo ìdajì òkè, ó di ìṣòro. Òótọ́ ni, fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ẹ mú bébà pélébé kan báyìí, ẹ fi bo ìdajì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: oko, ọkọ, ojo, ọjọ. Ẹ rí i? Èdè wa fi ohun tó ṣe pàtàkì sí ibi tí ojú kì í fẹ́ wò.

Ìjà Ọ̀rẹ̀, ìjà ọ̀rẹ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba ilẹ̀ Mid-West kọjá, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì ti dá wọn dúró. Ogun náà gbóná débi pé ó di ohun tí a fi ń ṣàpèjúwe nǹkan tó bá le: ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Ẹ wá kọ ọ́ sára pátákó láìfi àmì sí i: IJA ORE. Ta ló máa mọ̀ bóyá ogun ọdún 1967 ni tàbí ọ̀rẹ́ méjì tó ń bára wọn jà? Àmì abẹ́ nìkan kò tó láti yà wọ́n. Ohùn ló yà wọ́n, ìyẹn ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo ní láti gbé nǹkan sórí kó tún gbé nǹkan sábẹ́.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo mú fọ́ǹtì bùrọ́ṣì kan tó rẹwà tí n kò ní dárúkọ, mo tẹ Ọ̀rẹ̀ sí i. R nìkan ni bùrọ́ṣì kọ. Ọ àti ẹ dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá méjì tó mú ọ̀mùtí sáàárín. Àmì ohùn ti Ọ ti fò, ó lọ jókòó sórí r. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ya fọ́ǹtì náà kò ya ọ àti ẹ sínú rẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà kò fẹ́ fi àyè sílẹ̀ lófìfo, ó lọ yá lẹ́tà lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Nígbà mìíràn kì í rí ẹni yá a, á wá fi àpótí kékeré kan síbẹ̀. Àpótí yẹn làwọn oníṣẹ́ fọ́ǹtì ń pè ní tofu, nítorí pé ó jọ oúnjẹ ẹ̀wà sóyà tí a gé ní igun mẹ́rin, ibẹ̀ náà ni Google ti rí orúkọ Noto, fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe kí tofu má bàa sí mọ́.

Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pàdé l'Ékòó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ẹ, ọ àti ṣ ti jẹ́ ara lẹ́tà wa. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo lẹ́tà ayé fún kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ẹ ni 1EB9, ti ọ ni 1ECD, ti ṣ ni 1E63. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó ní ẹ àti ọ, kì í ṣe torí tiwa ni. Àwọn ará Vietnam ni wọ́n rò. Àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ e àti o, ṣùgbọ́n ohùn ni àmì abẹ́ jẹ́ fún wọn, kò yí fáwẹ̀lì padà bíi tiwa. Nítorí náà, wọn kò nílò àmì abẹ́ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, torí fáwẹ̀lì kan kò lè gba ohùn méjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí fọ́ǹtì tó ní ẹ àti ọ tí kò ní ṣ, tí lẹ́tà ẹ̀ sì ń tú ká lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà ẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, òfin wọn sì ni pé wọn kò ní fún lẹ́tà tuntun tó ṣeé tò láti ara ẹ̀yà tó ti wà ní nọ́ńbà mọ́. Ẹ̀yà méjì la fi ń tò ó: ẹ, kí àmì ohùn wá gùn ún. Ẹni tó ya fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tó máa gùn. Ó máa fi ojú àmì kan sí orí ẹ, ó máa fi òmíràn sí ìdí àmì ohùn, kọ̀ǹpútà á sì fi ọ̀kan lé orí èkejì. Anchor ni wọ́n ń pe ojú àmì náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdákọ̀ró. Bí kò bá sí ìdákọ̀ró, àmì ohùn á gbá lọ bí ọkọ̀ ojú omi, bí tèmi ṣe gbá lọ sórí r. Nínú fọ́ǹtì bùrọ́ṣì tó fì sọ́tùn-ún, kò tó láti fi ìdákọ̀ró sáàárín lẹ́tà, torí pé orí lẹ́tà tó fì ti kúrò lókè ìdí rẹ̀. Ó gba kí èèyàn jókòó ti ẹ, ọ, Ẹ àti Ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni fún ẹni tó mọ èdè náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò tiẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Àátíìsì tí a dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣe gbogbo èyí láìronú. Ó wo àyè, ó tọ àmì. Bí g bá na ìrù wá sábẹ́, ó sún àmì abẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí orí pákó bá fún, ó fa àmì ohùn rẹlẹ̀. N kò sọ pé gbogbo wọn ló ń fi àmì sí i. Ọ̀pọ̀ kì í fi sí i, oníbàárà kì í béèrè, owó rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Mo ní bí ẹ bá béèrè, ó lè ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan nílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ wọnú kọ̀ǹpútà. Ṣèyí Olúsànyà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype wo lẹ́tà onísítíkà tí wọ́n ń gé lẹ̀ mọ́ ara dánfó l'Ékòó, wọ́n sọ ọ́ di fọ́ǹtì àkọlé tí wọ́n pè ní Danfo, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Abẹ ló bí ti dánfó, kì í ṣe bùrọ́ṣì. Ti agbégilódò ṣì wà lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, nínú òjò àti oòrùn, n kò tíì rí ẹni tó gbé e.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ bánà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí oníṣẹ́ náà tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú fọ́ǹtì tó mú wá: Ọ̀rẹ̀, ẹ̀ṣọ́, oore, Ṣẹ́gun. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó. Bí lẹ́tà kan bá yí ojú padà, tí àmì kan bá ṣí kúrò lórí ẹni tó ni ín, tàbí tí o méjì inú oore bá jẹ́ ìbejì, ẹ ní kó mú fọ́ǹtì mìíràn wá. Bí kò bá ní òmíràn, ẹ wá àátíìsì lọ.